Fíìmù Àyìnlá: Ta Ló Gbọ́ Ọ Lẹ́nu Ta?

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí fíìmù Àyìnlá ti jáde, síbẹ̀ àríyànjiyàn rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀ ládùúgbò wa. Ọdún 2021 ni wọ́n gbé e dé ilé sinimá. Nígbà tó dé orí Netflix ní ọdún 2022, ó di ohun tí tọmọdé tàgbà ń wò. Àwọn tí mo kọ́ ní kéwú ní Ìbà ń wò ó lórí fóònù. Àwọn èrò ọkọ̀ ń jiyàn lé e lórí láti Ọ̀jọ́ dé Òkòkòmàíkò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó kí n tó mú bírò, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Túndé Kèlání ló darí rẹ̀. Lateef Adédiméjì ló ṣe Alhaji Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ọmọ Abẹ́òkúta, tó kú nínú ìjà ilé ọtí ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980. Iṣẹ́ náà dára. Yorùbá wọn já gaara, aṣọ wọn sì bá ìgbà náà mu. Ẹni tó bá ní Adédiméjì kò mọṣẹ́, ìlara ló ń bá a jà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn tó wò ó pín sí. Àwọn àfáà kan ní ẹni tó kú sílé ọtí, kí ni Mùsùlùmí ń fi ìtàn rẹ̀ ṣe? Àwọn ọ̀dọ́ ní akọni ni, wọ́n ń fara wé bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń fọhùn. Àwọn àgbà sì ní irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Bàbá kan tí a jọ ń kírun sọ fún mi pé, “Àfáà, ẹni tí mo mọ̀ kọ́ nìyẹn.” Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwo orin rẹ̀ wà nílé àwọn. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Nílé kéwú, bí ẹnìkan bá mú hàdíìsì wá, a ó bi í pé: ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu ta? Bí okùn àwọn tó gbà á wá bá já níbì kan, a ó mọ irú ọwọ́ tí a ó fi mú un. Fíìmù yìí kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀, nítorí eré ni. Nínú eré, ọ̀rọ̀ obìnrin wà nídìí ìjà olórin àti máníjà rẹ̀. Nínú ìtàn tí a kọ sílẹ̀, alùpùpù ni wọ́n ń fà. Eléré lẹ́tọ̀ọ́ láti fi iyọ̀ sí i. Àwa òǹwòran ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ di ẹ̀rí lórí òkú.

Mo rántí fún àwọn àfáà wa pé Ànábì kọ̀ fún wa láti máa bú òkú, nítorí wọ́n ti bá ohun tí wọ́n tì síwájú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ànábì náà ló kọ́ wa pé alágbára kì í ṣe ẹni tó lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu nígbà ìbínú. Ife ọtí ni wọ́n fi lu Àyìnlá. Ẹni tó lù ú, ìjọba so ó kọ́. Alùpùpù kan, ẹ̀mí méjì! Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ fíìmù náà wà, kì í ṣe níbi ìrìn rẹ̀.

Ohun tí mo fi dá fíìmù náà lẹ́bi ni pé ó gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ga ju iṣẹ́ orin lọ. Ẹni tó kọrin sí ètò ìkànìyàn ọdún 1973 àti owó Udoji, tó sọ ọ̀rọ̀ ìjọba di ohun tí ìyá alátẹ ń gbọ́ yé, ó yẹ ká rí bó ṣe ń ro orin rẹ̀.

Festus Adédayọ̀ ti kọ ìwé lórí ayé rẹ̀ ní ọdún 2020; ẹ kà á kí ẹ tó jiyàn. Ẹ̀yin tí ẹ bá a jókòó, ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí kí àwa náà lè mọ ẹni tí a ti gbọ́ ọ. Kí Ọlọ́hun forí jin òkú wa, kó sì ṣọ́ àwa alààyè nígbà ìbínú. Àmín.