Ẹ̀fẹ̀ Ilẹ̀ Yewa àti Ẹ̀kọ́ Ọ̀rọ̀ Sísọ ní Yunifásítì

Nínú àwọn oríṣìí àròkọ tí a ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àròkọ aláríyànjiyàn ni ó tètè ń tú àṣírí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí àkọlé, ìkíni ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́wọ́: alága ìjókòó, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣe ojúsàájú, olùdíwọ̀n àkókò, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sí alága, kò sì sí olùdíwọ̀n àkókò bí kò ṣe aago ara ògiri. Òwe kan ni yóò tẹ̀ lé ìkíni. Lẹ́yìn òwe, èkínní, èkejì àti ẹ̀kẹta yóò tò tẹ̀ léra títí ìwé yóò fi kún. Ẹni tí ó bá ka irú àròkọ bẹ́ẹ̀ tán yóò mọ ìhà tí akẹ́kọ̀ọ́ wà, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìdí tí òun fúnra rẹ̀ fi yẹ kí ó bá a wà níbẹ̀.

Kò yẹ kí a di ẹ̀bi yìí ru akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Bí a ṣe kọ́ olùkọ́ ni olùkọ́ ṣe ń kọ́ni. Ní Ìbàdàn àti ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì ń jẹ́ Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè àti Èdè Áfíríkà. Ní Yunifásítì Èkó pẹ̀lú, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ó ṣáájú nínú orúkọ ẹ̀ka náà. Orúkọ yìí kì í ṣe àléébù. Iṣẹ́ takuntakun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ṣe ni ó fún wa ní àkọtọ́ tí ó dúró àti èdè-ìperí tí olùkọ́ fi ń là á yé ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jáde níbẹ̀ yóò mọ gírámà, yóò mọ bí a ṣe ń tú ìtàn-àròsọ palẹ̀, yóò sì ti kọ àròkọ díẹ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹ̀kọ́ tí yóò bi í léèrè pé, báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe ń yí ọkàn ẹni tí kò fẹ́ gbà padà? Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ọmọ yunifásítì ni a fi dandan lé pé kí ó kọ́ bí a ṣe ń lò ó, ìbáà jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn ni ó wá kọ́. Ní ti Yorùbá, ẹni tí ó bá yàn án ni ó ń kọ́ ọ.

Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ ti pẹ́ tí yunifásítì ti ka irú ẹ̀kọ́ yìí kún. Ní Harvard, John Quincy Adams, ẹni tí ó di ààrẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀ lẹ́yìn náà, ni ó kọ́kọ́ jókòó, ní 1806, lórí àga ọ̀jọ̀gbọ́n tí a ń pè ní Boylston, àga tí a dá sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìyínilọ́kànpadà àti ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ. Harvard yìí kan náà wà lára àwọn tí ó ran ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lọ́wọ́ lórí Comprehensive High School tí a dá sílẹ̀ ní Ayétòrò ní 1963, níbi tí a ti fẹ́ kí ọmọ kan náà kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìwé pọ̀. Wọn kò kó àga Boylston wá sí Ayétòrò, kò sì sí ìdí tí wọn ì bá fi kó o wá. Ẹ̀kọ́ náà ti wà ní ọjà àwọn ìlú agbègbè náà, lábẹ́ orúkọ mìíràn.

Orúkọ náà ni ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni apá òru nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àwọn ará Yewa, Kétu, Ọ̀họ̀rí àti Ànàgó fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Lẹ́yìn tí àwọn aṣáájú bá ti jáde, tí Tètèdé sì ti pe ẹlẹ́fẹ̀, ẹlẹ́fẹ̀ yóò wọ agbo, yóò sì máa kọrin títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún tí ó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé. Ní 2008, ó wọ inú àkójọ àjọ náà ní orúkọ Nàìjíríà, Benin àti Togo. Ìyì ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti pè ní ogún, inú àpótí ni a sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Àwọn onímọ̀ kò fi ẹ̀fẹ̀ ṣeré. A. I. Asíwájú, òpìtàn ọmọ Ìmẹ̀kọ, lo orin ẹ̀fẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí fún ìtàn ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá nínú ìwé tí Wándé Abímbọ́lá ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1975. Henry Drewal àti Margaret Drewal ní 1983, àti Babátúndé Lawal ní 1996, gbé odidi ìwé kalẹ̀ lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà. Tọkọtaya Drewal kò sì gbójú fo agbára ohùn ẹlẹ́fẹ̀. Síbẹ̀, òpìtàn ń gbọ́ ohun tí ẹlẹ́fẹ̀ sọ, oníṣẹ́-ọnà ń wo ohun tí ó gbé sórí. Ọgbọ́n tí ó fi mú kí ọjà gbà fún un ni kò rí ilé ní yunifásítì. Nínú ìwé Ọlátúndé Ọlátúnjí ti 1984 lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ fi kọ́ bí a ṣe ń tú ewì, oríkì, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀, òwe àti àlọ́ àpamọ̀ ni ó ní orí tiwọn.

Kí ni ọgbọ́n náà? Ẹlẹ́fẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni lásán. Ó ń júbà òrìṣà, àwọn baba ńlá àti àwọn ìyá. Ìjúbà yìí ni ó fún un láṣẹ: ẹni tí yóò bá ọlọ́lá wí lójú ọjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ju òun lọ. Yóò tún sọ irú ẹni tí òun jẹ́, yóò sì súre fún ìlú. Ìgbà tí ó bá tó kan ìbáwí, ó lè dárúkọ, ó sì lè fi àkàwé bo ẹni náà. Bí kò bá dárúkọ, àwọn olùgbọ́ ni yóò fi orúkọ kún un nínú ọkàn ara wọn. Ohun tí ènìyàn bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ parí, ó ṣòro fún un láti tún sẹ́ ẹ. Aristotle ará Gíríìkì kọ́ni ní ohun tí ó jọ èyí, pé àlàyé tí ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún olùgbọ́ láti dí ni ó ń mú un jù. Ẹlẹ́fẹ̀ kò ka Aristotle.

Ẹ jẹ́ kí a fi àkọlé kan dán an wò: ó sàn kí a ti ẹnubodè Ìdí-Ìrókò pa ju kí a ṣí i sílẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá fún ọmọ Yewa, nítorí ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè ilẹ̀ Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 2019, kò sì ṣí ti Ìdí-Ìrókò títí di oṣù kẹrin 2022. Kí a ní akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń tako àkọlé náà. Èkínní kí alága, ó ní ìtìpa ẹnubodè kò dára, ó ka ìyà àwọn oníṣòwò láti èkínní dé ìkarùn-ún. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí alátakò rẹ̀ dúró sí: ó gbà pé àgbẹ̀ tí ó gbin ìrẹsì nílé lè rí ọjà tà nígbà tí ti òkèèrè kò wọlé, ó sì gbà pé iṣẹ́ aṣọ́bodè ni láti dènà fàyàwọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó wá béèrè ẹni tí ẹnubodè títì dí lọ́wọ́, bóyá ẹni tí ó mọ gbogbo ọ̀nà inú igbó ni, tàbí ìyá tí ó ń gba ojú títì kọjá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan lórí. Kò dáhùn. Ó fi í sílẹ̀ fún òǹkàwé. Ohun tí èkejì sọ kò pọ̀ tó ti èkínní, ṣùgbọ́n òun nìkan ni aṣọ́bodè lè kà dé ìparí. Irú ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni ìjúbà orí ìwé, ó sì yẹ kí ó gba máàkì ju ìkíni alága lọ.

Ẹnìkan wà tí ó gbé ọgbọ́n yìí láti ọjà dé yunifásítì. Ọmọ Ìlaròó ni Afọlábí Ọlábímtán, ẹni tí ó kọ Ààdọ́ta Àròfọ̀ ní 1969. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ó gbé ìwádìí kalẹ̀ níbẹ̀ lórí ewì ẹ̀fẹ̀ àwọn Ẹ̀gbádò, orúkọ tí a ń pe àwọn Yewa kí ó tó yí padà ní 1995. Ewì ni ó sì pè é, ó fà á wọ agbo lítíréṣọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò fi wò ó bí ẹ̀kọ́ àríyànjiyàn. Àmọ́ àkọlé eré rẹ̀ ti 1970, Ọláọ̀rẹ́ Afọ̀tẹ̀joyè, jẹ́rìí sí ohun tí ó gbé láti ilé wá. Ó dárúkọ, ó sì so ẹ̀sùn mọ́ orúkọ náà bí ẹni so oríkì. Kí aṣọ ìtàgé tó ká, olùwòran ti di adájọ́. Ọlábímtán yìí kan náà ṣojú Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti 1999 di 2003, ọdún tí ó kú. Ẹsẹ 55 òfin-ìpìlẹ̀ 1999 gbà kí a lo Yorùbá nílé náà bí ètò bá ti tó. Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ fi ń lọ níbẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kò sì yẹ kí ìfẹ́ ilé ẹni bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ẹlẹ́fẹ̀ bá bá wí kì í fèsì lálẹ́ ọjọ́ náà. Agọ̀ ń dáàbò bo olórin. Àríyànjiyàn orí ìwé kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹnu ìkejì, kí ó sì dá a lóhùn láìbú u. Ọgbọ́n yẹn, ààfin àti agbo ẹbí tí a ti ń ro ẹjọ́ ni ó wà. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí yóò bá pé níláti so ẹjọ́ rírò mọ́ ẹ̀fẹ̀.

Ta ni yóò wá ṣe iṣẹ́ náà? Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni Yunifásítì Olabisi Onabanjo gbé wá sí Ayétòrò. Ọmọ ibẹ̀ tí ó bá fẹ́ gboyè nínú Yorùbá ní yunifásítì náà, Àgọ́-Ìwòyè ni yóò forí lé. Ìjọba Èkó ṣe òfin ní 2018 pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà fi lílo Yorùbá kún ẹ̀kọ́ tí ó kárí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ti wà, ohun tí a ó kọ́ ni ó kù. Bí ó bá jẹ́ àmì ohùn àti àkójọ òwe nìkan ni a kó síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò yege, kò sì ní lè fi Yorùbá jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ kankan. Iṣẹ́ sì wà fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n: ní ilé-iṣẹ́ rédíò, ní kóòtù tí a ti ń túmọ̀ ẹjọ́, àti ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó, tí ó kọ Yorùbá sílẹ̀ ní oṣù kejìlá 1999 ṣùgbọ́n tí ó padà wá ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un.

Ní ti ìwádìí, àkòrí kan ń dúró de ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ láti rìn. Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fi àdéhùn 1889 pín agbègbè náà, ìjọba tí a ń gbọ́ tirẹ̀ ní Kétu kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ tirẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ. Kí oníwèé-ẹ̀rí kejì kan tẹ̀ lé orin ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo láti Kétu dé Ìmẹ̀kọ, kí ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é ní ẹ̀ka èdè ìhà méjèèjì, kí ó sì wo ohun tí ẹlẹ́fẹ̀ yí padà nínú ẹ̀sùn náà nígbà tí àwọn tí ó ń gbè é yí padà.