Gìtá àti Ọwọ́ Torres

Láti ọ̀rúndún kẹjọ ni àwọn Mùsùlùmí Àríwá Áfíríkà ti gbé oud, ohun èlò olókùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, dé ilẹ̀ Sípéènì. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, vihuela, ohun èlò olókùn tó jọ gìtá, ló gbayì láàfin ibẹ̀. Gìtá ìgbà náà kéré, ọ̀wọ́ okùn mẹ́rin ló ní. Ó di márùn-ún, kó tó di okùn mẹ́fà.

Antonio de Torres, káfíńtà ará Almería, ló tún gìtá ṣe. Ó mú kí ikùn rẹ̀ fẹ̀ sí i, ó fá pákó ojú rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì to igi tẹ́ẹ́rẹ́ méje sínú rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ní 1862, ó fi páálí ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gìtá kan, láti fi hàn pé pákó ojú ló ń gbé ohùn jáde. Ìlànà rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ gìtá ṣì ń tẹ̀ lé.