Èèpo Ìwé àti Ohùn Ìlù: Lámèyítọ́ lórí Ìwé Àtìgbàdégbà Orin gẹ́gẹ́ bí Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àríwá Èkìtì

Ìfáàrà

Nínú ètò ẹ̀kọ́ kan tí àjọ aṣèdánwò OCR ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, iṣẹ́ tí a gbé síwájú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ni pé kí wọ́n ṣe ìwé àtìgbàdégbà orin tuntun. Ohun mẹ́ta ni wọn yóò fi sílẹ̀: èèpo iwájú, ojú ìwé àkóónú, àti ojú ìwé méjì tí ó kọjú síra. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ya àwòrán mẹ́rin, ó kéré tán. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò dáhùn ìbéèrè méje lórí ohun tí ó ṣe. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rọrùn láti yá lò, nítorí pé kò béèrè ju kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ.

Ìbéèrè tí àyẹ̀wò yìí dá lé ni ohun tí iṣẹ́ náà yóò dà bí ó bá dé àríwá Èkìtì, ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì wà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, tí ó sì ní ọgbà ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé èèpo ìwé kì í ṣe àwo òfìfo tí a kàn ń bu oúnjẹ sí. Ìpinnu mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà: ojú ta ni yóò hàn, èdè wo ni a óò fi kọ ọ́, ta sì ni a ń kọ ọ́ fún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá yẹ àwọn ìpinnu wọ̀nyí wò, yóò rò pé òun ṣe ìwé orin Èkìtì, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwé orin Lọ́ńdọ̀nù ni ó ṣe, tí ó kàn fi orúkọ Èkìtì sí i.

Ohun tí Èèpo Ìwé ń Sọ

Àwọn ìwé tí irú iṣẹ́ yìí ń wò gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe kò ṣòro láti mọ̀: NME tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952, Rolling Stone ti Amẹ́ríkà ní 1967, Kerrang! ní 1981, Q ní 1986. Ní Nàìjíríà, Hip Hop World tí Ayọ̀ Animáṣahun dá sílẹ̀ ní ọdún 1995 gba ọ̀nà kan náà, òun náà ni ó sì bí àmì-ẹ̀yẹ orin tí a ń pè ní The Headies lónìí. Ìlànà wọn jọra: orúkọ ìwé gàdàgbà lókè, ojú olórin kan ṣoṣo tí ó tẹjú mọ́ òǹkàwé, àti gbólóhùn kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ń polówó ohun tí ó wà nínú.

Ìdí tí èèpo fi rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹwà nìkan. Orí àtẹ ni a ti ń ta ìwé wọ̀nyí, láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún mìíràn, ẹni tí ń kọjá lọ sì gbọ́dọ̀ rí ojú tí ó mọ̀ kí ó tó dúró. Ṣùgbọ́n ọjà náà ti yí padà. NME dá títẹ̀ sórí bébà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dúró ní ọdún 2018. Q kógbá sílé ní 2020. Nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní kí ó ṣe èèpo bí ti Q ń kọ́ bí a ṣe ń tajà lórí àtẹ tí a ti ká kúrò nílẹ̀. Èyí nìkan tó láti mú kí olùkọ́ tún iṣẹ́ náà rò.

Èyí tí ó tún wúwo jù ni ojú kan ṣoṣo náà. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹnì kan ni ó ni orin. Nínú orin Yorùbá, ẹni tí ó ń lé orin kò lè dá a ṣe láìsí àwọn tí ń gbè é. Onílù ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì lè yí ohun tí yóò sọ padà. Ẹni tí a ń kì náà ń dá sí i pẹ̀lú ijó àti owó nínà. Bí a bá gé gbogbo wọn kúrò kí ojú akọrin lè kún èèpo, kì í ṣe pé a dín àwòrán kù nìkan. A ti sọ irọ́ nípa bí orin náà ṣe ń wáyé.

Àwòkọ́ṣe mìíràn wà nílé. Èèpo awo orin ti ń ṣe iṣẹ́ èèpo ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá kí a tó máa ronú nípa iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí Lemi Ghariokwu ṣe èèpo Alagbon Close fún Fẹlá ní ọdún 1974, kò gbé fọ́tò olórin síbẹ̀ lásán. Ó fi ọwọ́ ya àwòrán tí ó ń túmọ̀ orin náà, tí ó sì ń bá ìjọba jiyàn. Èèpo bẹ́ẹ̀ ti di lámèyítọ́ fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yóò béèrè ohun tí orin náà ń sọ kí ó tó béèrè ẹni tí ojú rẹ̀ lẹ́wà.

Àpẹẹrẹ Ọ̀yẹ́ láàárín 1947 sí 1954

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìṣòro yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀yẹ́. Láàárín ọdún 1947 sí 1954, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà, Kevin Carroll lára wọn, ní ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, gbẹ́gi níbẹ̀; ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti Ìlá Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́. Ohun tí a bẹ̀ wọ́n ní iṣẹ́ láti gbẹ́ kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí: ìtàn ìbí Jésù, ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn, àwòrán ìjìyà Kristi. Síbẹ̀, àwọn ọba tí ó wá kí ọmọ-ọwọ́ náà múra bí ọba Yorùbá, orí àwọn ère náà sì tóbi ju bí orí ènìyàn ṣe rí lọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn agbẹ́gilére.

Ìtúmọ̀ tí ó wọ́pọ̀ ni pé a fi ẹ̀wù Yorùbá wọ ìtàn àjèjì. Ìtúmọ̀ náà kéré. Ohun tí ó yí padà kò mọ lórí aṣọ. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà ni ó jẹ́ ti àwọn agbẹ́gi: bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ igi láti orí ìdì ńlá dé orí fínfín, àti ohun tí ó yẹ kí ó tóbi nítorí pé ó ṣe pàtàkì. Àwọn Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ó rán wọn níṣẹ́, agbára ìránni náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí kò ṣe é gbójú fò. Ṣùgbọ́n bí wọn yóò ṣe jẹ́ iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn tí ó di ọ̀bẹ mú.

Ipò akẹ́kọ̀ọ́ kò jìnnà sí èyí. Olùkọ́ ni ó rán an níṣẹ́, máàkì sì wà lọ́wọ́ olùkọ́. Bí ó bá kàn gbé àdìrẹ sí ẹ̀yìn orúkọ ìwé, kí ó sì fi ìlù dùndún sí igun kan, aṣọ nìkan ni ó pààrọ̀. Bí ó bá jẹ́ kí títóbi àti kíkéré lórí ojú ìwé tẹ̀ lé ipò olúkúlùkù nínú orin, tí ìyáàlù fi tóbi ju ojú ènìyàn lọ níbi tí ìyáàlù ti ń darí, ó ti ṣe ohun tí Bándélé ṣe.

Ìlù àti Ìlú

Ojú ibi tí àṣìṣe ti ń hàn kíákíá jù ni lẹ́tà. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan pe ìwé rẹ̀ ní ÌLÙ. Bí ó bá kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ohun èlò orin ni tàbí ìlú tí a ń gbé. Fún ìwé orin, àṣìṣe yìí kì í ṣe ti àkọtọ́ lásán. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀; ìwé tí ó yọ àmì ohùn kúrò ti yọ apá tí ìlù ń sọ nínú èdè kúrò.

Ìdí tí a fi ń yọ wọ́n wà nínú ohun èlò. Lẹ́tà bí ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ètò Unicode. Lẹ́tà abàmì-ìsàlẹ̀ ni a ń so àmì mọ́, ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà tí a fi ń ṣe àkọlé gàdàgbà kò sì mọ ibi tí àmì náà yẹ kí ó bọ́ sí. Bí a bá kọ àkọlé ní lẹ́tà ńlá, tí ìlà sì súnmọ́ra bí ti Gẹ̀ẹ́sì, àmì òkè ìlà kejì yóò kọlu àmì ìsàlẹ̀ ìlà kìn-ín-ní. Nítorí náà, yíyan irú lẹ́tà àti fífi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà jẹ́ ìpinnu nípa èdè, ó sì yẹ kí a fún un ní máàkì gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní àríwá Èkìtì, ọ̀rọ̀ náà tún jìn ju èyí lọ. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó wà fún. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀; nínú Èkìtì, ó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ilé ni ulé, ìlú ni ùlú. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sì ti fi hàn pé fáwẹ̀lì àìránmúpè mẹ́sàn-án ni Èkìtì ń pè, nígbà tí àkọtọ́ ní lẹ́tà fún méje. Wàyí o, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe bí ó bá ń kọ orin alámọ̀ sílẹ̀, tàbí bí ó bá ń ṣàtúpalẹ̀ orin Elémùrẹ́ Ògúnyẹmí, ẹni tí ó fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì kọrin? Bí ó bá sọ ulé di ilé kí ojú ìwé lè mọ́, ó ti gba ohun tí akọrin náà fi yàtọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí ó kọ ọ́ bí a ṣe pè é, kí ó sì fi ìtumọ̀ àjùmọ̀lò sí ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké. Kò sì gbọdọ̀ rò pé Èkìtì jẹ́ ọ̀kan délẹ̀délẹ̀. Ó yẹ kí ó sọ bóyá ẹnu ará Ìkọ̀lé tàbí ti Ìdó ni ó ti gbọ́ ọ.

Ẹni Tí Ó Ni Àwòrán

Òfin pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ya àwòrán ni ó dára jù nínú iṣẹ́ náà. Kò jẹ́ kí ó jókòó ti íntánẹ́ẹ̀tì kí ó máa kó fọ́tò gbajúmọ̀ olórin Èkó jọ. Ó ń lé e jáde lọ síbi tí àwọn olórin wà. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá débẹ̀. Àwọn orin kan wà tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe gbogbo ojú ni ó gbọ́dọ̀ wò wọ́n. Àwọn onílù kan sì wà tí ìlù jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ gba máàkì; kí ni onílù gbà? Orúkọ rẹ̀ lábẹ́ àwòrán, orúkọ ìlù kọ̀ọ̀kan, àti ẹ̀dà ìwé náà ni ìdáhùn tí ó kéré jù.

Ẹ̀dà náà sì mú ìbéèrè èdè padà wá. Láti òpin àwọn ọdún 1960 ni Àtọ́ka ti ń gbé eré àwọn òṣèré alárìnjó sínú fọ́tò, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu olúkúlùkù. Ó rí òǹkàwé láàárín àwọn tí ó ti wo eré wọ̀nyí lójú agbo. Èyí fi hàn pé ìwé àtìgbàdégbà lè padà sọ́dọ̀ àwọn tí a ti mú ohun inú rẹ̀ wá, bí ó bá sọ èdè wọn. Ìwé orin Èkìtì tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè padà bẹ́ẹ̀.

Àtakò àti Ààyè

Ẹnìkan lè jiyàn pé iṣẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá, pé àwọn agbanisíṣẹ́ kò béèrè ohùn Ìdó tàbí ti Ìkọ̀lé. Òótọ́ wà nínú èyí: ẹni tí kò mọ ìlànà tí gbogbo ayé ń lò kò lè yí i padà. Ṣùgbọ́n ètò OCR fúnra rẹ̀, nínú ìbéèrè àkọ́kọ́, fi àyè sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ibi tí ó tẹ̀ lé ìlànà àti ibi tí ó ti ta kò ó. Iṣẹ́ lẹ́tà, àmì ohùn àti àkọsílẹ̀ orin tún jẹ́ òye tí ilé ìtẹ̀wé, ilé iṣẹ́ rédíò àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ èdè nílò.

Ààyè ti wà lábẹ́ òfin pẹ̀lú. Ètò ẹ̀kọ́ CCMAS tí àjọ NUC gbé jáde ní ọdún 2022 fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lélẹ̀ fún gbogbo yunifásítì, ó sì fi ìdá 30 sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Kò sí ìdí tí ìwé orin àríwá Èkìtì kò fi lè wà nínú ìdá 30 náà ní Ọ̀yẹ́, kí ẹ̀ka ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ àti ẹ̀ka èdè jọ ṣe é.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí ó wà nínú ewu ju máàkì lọ. Ọ̀pọ̀ orin àwọn àgbà ní ìlú kéékèèké kò sí lórí awo, kò sì sí nínú ìwé. Ojú ìwé méjì akẹ́kọ̀ọ́ lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí a ó ti kọ díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ ní àkọgbà, àkọgbà ni yóò kù. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi ìdánwò kan kún ìbéèrè méje náà: kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìwé rẹ̀ padà sọ́dọ̀ akọrin, kí ó ka ojú ìwé náà sí i létí, kí ó sì kọ ohun tí akọrin tún ṣe sínú ìjábọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ yóò máa fi máàkì sí i bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni orin yóò ti sọ tirẹ̀ kí máàkì náà tó wọ ìwé.