Kọ́nà Kan Ṣáájú

Ọ̀nà tí àwọn ará Ítálì ń pè ní Amalfitana kò gùn rárá. Láti Meta, nítòsí Sorrento, títí dé Vietri sul Mare tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Salerno, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìrìn tí kò tó wákàtí kan ni. Ní etí Òkun Mẹditaréníà níbẹ̀, ó lè gba odindi ọjọ́. Ẹni tó bá sì rìn ín tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ojú rẹ̀ rí ohun tó yẹ kó rí, awakọ̀ ló yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ti ròyìn etíkun Amalfi pọ̀ lọ jàra. Òkun tó dúdú bí aró, ilé funfun àti ilé pupa tó gun ara wọn lórí òkè, gbogbo rẹ̀ la ti gbọ́, òótọ́ sì ni. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi ogún àgbáyé lọ́dún 1997. Àmọ́ nínú bọ́ọ̀sì kékeré elérò mẹ́jọ tó gbé wa ní Sorrento láàárọ̀, ọkùnrin tó wà nídìí stíárìn ni mo ń wò ju òkun lọ.

Kí ẹ lè mọyì ohun tó ń ṣe, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ ọ̀nà náà. Títí di ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kò sí ọ̀nà ọkọ̀ tó gba àwọn ìlú yìí kọjá. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀, tàbí kí wọ́n gun ìbaaka, tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn òkúta. Nígbà ìjọba àwọn ọba Bourbon ti Naples ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sí ara àpáta, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n sì gbẹ́ ẹ fún. Lónìí, ojú ọ̀nà kan náà ni bọ́ọ̀sì èrò, ọkọ̀ tó ń kó omi àti búrẹ́dì, alùpùpù àti ọkọ̀ tí àwọn àlejò háyà ń rìn. Ní apá kan, àpáta ga ròkè, wọ́n fi àwọ̀n irin bo ojú rẹ̀ kí òkúta má baà já lé èèyàn lórí. Ní apá kejì, ògiri kúkúrú kan ni, lẹ́yìn náà òkun nísàlẹ̀ réré.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èrò máa ń pọ̀ débi pé láti ọdún 2022 ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà ọkọ̀ pín ọjọ́: àwọn ọkọ̀ tí nọ́ńbà wọn parí sí iye tó ṣeé pín sí méjì ní ọjọ́ tiwọn, àwọn yòókù ní tiwọn, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Òfin náà kò mú ọkọ̀ tó gbàwé àṣẹ láti gbé èrò bíi tiwa. Ìdí kan nìyẹn tí bọ́ọ̀sì kékeré fi wúlò. Ìdí kejì ni pé ó lè gba ibi tí bọ́ọ̀sì ńlá ò lè gbà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣàkíyèsí ni pé gíláàsì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ wa kì í pa dé. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, oòrùn ń ràn, síbẹ̀ ó ṣí gíláàsì náà sílẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́. Nígbà tó yá ni mo rí i pé etí ló ń fi wakọ̀.

Lẹ́yìn Positano, a súnmọ́ kọ́nà kan tí àpáta yọ jáde sí, tí èèyàn ò rí ohun tó ń bọ̀ lódì kejì. Dígí roboto kan wà lára ògiri níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n gbé kọ́ sí kọ́nà púpọ̀ lójú ọ̀nà náà. Ẹsẹ̀ awakọ̀ wa ti kúrò lórí iná kí n tó rí dígí rárá. Ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan, kúkúrú. Kò tíì tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí fèrè ńlá kan fi dá a lóhùn láti ẹ̀yìn àpáta. Ó dúró. Kì í ṣe inú kọ́nà ló dúró sí o, ìwọ̀n ọkọ̀ méjì ṣáájú kọ́nà ni. Ó fà mọ́ ògiri òkun, ó na ọwọ́ síta, ó sì ká dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọlé. Ọkọ̀ háyà kan tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí láti yà wá sílẹ̀. Awakọ̀ wa kò bojú wẹ̀yìn, ó kàn na ọwọ́ òsì jáde, ó dojú àtẹ́lẹwọ́ kọlẹ̀. Ọkọ̀ náà padà sáyè rẹ̀.

Ìgbà náà ni bọ́ọ̀sì SITA yọ, bọ́ọ̀sì èrò tó ń lọ láti ìlú sí ìlú. Iwájú rẹ̀ kọ́kọ́ fì sí orí ògiri òkun, ó gba ojú ọ̀nà tán pátápátá, kó tó wá fa ìdí rẹ̀ yí àpáta ká. Ó kọjá lára wa, àlàfo tó wà láàárín wa kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Gíláàsì awakọ̀ méjèèjì kojú ara wọn. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ní èdè Naples, ekejì fi ìka mẹ́ta hàn án, ó sì lọ. Mo bi í léèrè kí ni ìka mẹ́ta túmọ̀ sí. Ó ní, "Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A ò ní sáré."

Ká ní ó wọ kọ́nà yẹn ni, bọ́ọ̀sì ì bá bá a níbẹ̀, ọkọ̀ mẹ́fà ì bá ti tò sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, mẹ́fà sẹ́yìn wa, kò sì ní sí ẹni tó lè fà sẹ́yìn. Bí ọ̀nà náà ṣe ń dí nìyẹn, ìyà aláìmọ̀kan kan á sì jẹ ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ẹni tó mọṣẹ́ ti fúnni láyè kí wọ́n tó béèrè.

Ọ̀nà tó ń gbà tẹ búréèkì náà yẹ ní wíwò. Gbogbo búréèkì rẹ̀ ló ń tẹ̀ kí kọ́nà tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti wọ inú kọ́nà, iná díẹ̀díẹ̀ ló ń fún ọkọ̀, ọkọ̀ náà á sì rọra yí láìfì. Ọmọbìnrin kan sùn lọ sí ìjókòó iwájú mi láàárín Praiano sí Conca dei Marini, níbi tí ọ̀nà ti wọ́ jù, orí rẹ̀ kò sì yẹ̀ kúrò lára gíláàsì. Ìyá arúgbó kan wà pẹ̀lú wa tí ojú rẹ̀ ti ń yí padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Dígí àárín ni awakọ̀ fi rí i, nígbà tí a sì dúró, ó ní kó bọ́ síwájú wá jókòó. Ó ní, "Ẹ máa wo ibi tí ọ̀nà ń lọ, Signora, ẹ má wo ìsàlẹ̀." Kò pẹ́ tí ara màmá fi balẹ̀.

Ẹ̀bùn kejì tí ọkùnrin yìí ní wà lẹ́nu rẹ̀. Lábẹ́ abúlé Furore, òkun ya wọ inú àpáta bí ẹni fi ọ̀bẹ là á, ọ̀nà sì gba orí afárá kan tó ga tó nǹkan bíi mítà 30 sí omi. Ọkọ̀ kì í lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ lórí rẹ̀. Afinimọ̀nà tó bá dúró dìgbà tó débẹ̀ kó tó ní "ẹ wo ìsàlẹ̀," ibẹ̀ ti kọjá kí ọrùn tó yí. Kọ́nà kan ṣáájú ni tiwa ti sọ̀rọ̀: pé afárá ń bọ̀, pé kí á wo ìsàlẹ̀, pé a ó rí ilé àwọn apẹja. Nígbà tí a débẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti pa, ojú wa ti wà níbi tó yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún àwọn erékùṣù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Li Galli, tí ìtàn ayé àtijọ́ ní ibẹ̀ ni àwọn obìnrin abàmì ti ń fi orin tan àwọn atukọ̀ pa, tí Rudolf Nureyev, oníjó ballet nì, sì wá rà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Ó mọ ìgbà tí kò yẹ kó sọ̀rọ̀. Mo ti wọ ọkọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ níbòmíràn tí ẹnu amọ̀nà kò sinmi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí orin sì ń dún lé e lórí, kò sì sí ohun kan tí mo rántí níbẹ̀. Ọkùnrin yìí á dákẹ́ fún kìlómítà mẹ́ta. Nítorí pé ìhà ìlà-oòrùn la ń lọ, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ ló wà lójú òkun ní gbogbo ọ̀nà. Ní ibi ìdúró kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé kí àwọn ará ọ̀tún àti ará òsì pààrọ̀ ìjókòó, kí òkun lè kan gbogbo ènìyàn.

Ní ibì kan tí oko lẹ́mọ́ọ̀nù ti gun òkè lókè orí wa, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì pa iná. Sfusato ni wọ́n ń pe lẹ́mọ́ọ̀nù ibẹ̀, ó gùn, ẹnu rẹ̀ sì ṣóńṣó. Òkè náà dà gẹ̀rẹ́ débi pé wọ́n fi òkúta mọ ògiri ní ìpele-ìpele kí ilẹ̀ tó lè tẹ́jú fún igi. Kò sí sìmẹ́ńtì nínú ògiri náà, kí omi òjò lè rí àárín òkúta gbà jáde. Igi chestnut ni wọ́n fi ṣe àtíbàbà tí ẹ̀ka lẹ́mọ́ọ̀nù ń gbára lé, orí àwọn igi yẹn ni àgbẹ̀ sì ń rìn tó bá fẹ́ so ẹ̀ka tàbí ká èso, láìsí okùn nídìí. Wọ́n á wá fi èjìká ru apẹ̀rẹ̀ tó ju kílò 50 lọ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Awakọ̀ wa nawọ́ sí ibì kan tí ògiri ti wó, tí koríko ti bò. Ó ní àwọn ọmọ olóko yẹn ti lọ sí ìlú ńlá. Tí kò bá sí ẹni tó ń tún ògiri tò, omi á máa fa ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òkúta á sì gba òkè wá sójú ọ̀nà. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òkè já lulẹ̀ ní Amalfi, ó dí ọ̀nà yìí pa fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìgbà tó sọ èyí tán ni mo mọ ìdí tó fi ń gbójú sókè ní àwọn ibì kan, ní pàtàkì lábẹ́ àwọn oko tí ó dá wà. Ọwọ́ àgbẹ̀ tó wà lókè ni ẹ̀mí awakọ̀ tó wà nísàlẹ̀ wà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ra lẹ́mọ́ọ̀nù níbẹ̀, kò sì bá wọn ná an.

Ní Amalfi, ó fà wá lé obìnrin kan lọ́wọ́. Ní Ítálì, ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ ni afinimọ̀nà ní, ìdánwò rẹ̀ ò sì rọrùn. Awakọ̀ lè sọ̀tàn nínú ọkọ̀, àmọ́ iṣẹ́ inú ìlú kì í ṣe tirẹ̀. Obìnrin náà kúrú, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, síbẹ̀ a ń gbọ́ ọ láàárín ogunlọ́gọ̀, torí pé ó ń dúró kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún tán kó tó la ẹnu. Àtẹ̀gùn 62 ló gòkè lọ sí Kàtídírà. Ó dá wa dúró ní ìdajì, ó ní ká yíjú padà. Ó bi wá pé, "Oko wo lẹ rí?" Kò sí oko kankan. Àpáta, ilé, òkun. Ó ní ìdí nìyẹn tí àwọn baba ńlá wọn fi di oníṣòwò òkun, tí wọ́n fi ní àdúgbò tiwọn ní Constantinople, kí Venice tó gòkè.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá mú wa dé iwájú ilẹ̀kùn idẹ. Constantinople ni wọ́n ti rọ ọ́, ṣáájú ọdún 1066. Ó ní ká súnmọ́ ọn dáadáa. Láàárín ilẹ̀kùn, àwòrán mẹ́rin wà tí wọ́n fi fàdákà tẹ́ sínú idẹ: Jésù, Màríà, Pétérù àti Áńdérù. Áńdérù yìí, apẹja, arákùnrin Símónì Pétérù tí a mọ̀ nínú Bíbélì, ni wọ́n kó egungun rẹ̀ dé láti Constantinople lọ́dún 1208, abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ló sì wà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, àwọn tó ru ère rẹ̀ máa ń fi eré gun àtẹ̀gùn tí a fi ìsinmi gùn yẹn, wọ́n ń rántí ìjì ọdún 1544 tó tú àwọn ọkọ̀ ogun Barbarossa, ọ̀gágun orí omi ti ilẹ̀ Túrkì, ká. Ó tún sọ ti ìjì ọdún 1343 tó gbé apá kan ìlú náà lọ sínú òkun. Ó sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì péré, ó sì jẹ́ ká wo omi.

Ravello dára, àmọ́ mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ó ga tó nǹkan bíi mítà 350 sórí òkun, atẹ́gùn rẹ̀ tutù, Richard Wagner, olórin ará Jámánì nì, sì dé ọgbà Villa Rufolo lọ́dún 1880, ó ní òun ti rí ọgbà oṣó Klingsor tí òun ń wá fún eré olórin rẹ̀, Parsifal. A jẹun, a rìn kiri.

Ohun tó wù mí jù ní Ravello ni ìpinnu tí awakọ̀ ṣe níbi tó jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tí a dé, ó ní a ò ní gba etíkun padà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti sọ fún un pé ọ̀nà ti dí ní Positano. Ó darí ọkọ̀ sí òkè, ó gba Valico di Chiunzi, tó ga ju mítà 600 lọ. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, òkun pòórá, òkè Vesuvius yọ sí wa pẹ̀lú pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá tó kún fún ilé. Kò sí ẹni tó ṣèlérí Vesuvius fún wa. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Angri, ó bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀, a sì dé Sorrento nígbà tí àwọn tó gba etíkun ṣì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Kí a tó bọ́ sílẹ̀ tán, ó ti tún gbé fóònù sétí. Ó ń béèrè iye ọkọ̀ ojú omi ńlá tí yóò gúnlẹ̀ ní Naples lọ́la. Tó bá jẹ́ méjì, ó ní Ravello lòun máa kọ́kọ́ lọ, kí òun tó sọ̀ kalẹ̀ sí Positano lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ náà bá ti kó èrò wọn padà.