Ọpọ́n Ifá ti Ulm
Ní ọdún 1659 ni ìwé kan jáde ní Ulm, ní Jámánì, lórí ẹrù àjèjì tí oníṣòwò Christoph Weickmann kó jọ. Ọpọ́n Ifá kan wà nínú rẹ̀, láti Alada, ní ìwọ̀-oòrùn Àgbádárìgì wa níhìn-ín. Ìwé náà pè é ní pátákó ìrúbọ tí a fín àwòrán ẹ̀mí àìmọ́ sí. Ní ojú tiwa, ó ṣi iṣẹ́ ọnà náà kà. Ojú Èṣù tí ó wà létí ọpọ́n kì í ṣe ojú Sàtánì. Babaláwo ni ó ń wò bí ó ti ń tẹ Odù sínú ìyẹ̀rosùn. Ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá náà ń fi Èṣù pe Sàtánì, àwa olùkọ́ sì gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a fi àwòrán ọpọ́n náà han àwọn ọmọ kíláàsì wa, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” ni wọ́n fi bọnu.