Ọwọ́ Òsì Ló Ń Ṣí Àgádágodo

Ẹni tó bá bá mi nídìí eré ọwọ́ yìí, ọwọ́ ọ̀tún mi ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Òun ló di irin tẹ́ẹ́rẹ́ mú, òun ló ń wọlé, tó ń jáde, tó ń tọ inú ihò kiri. Ọwọ́ òsì kò ṣe ju pé ó fi ìka kan tẹ irin kékeré kejì, ó dúró jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀, òsì yìí tí a kì í nà sí àgbà, tí a kì í fi gbowó lọ́wọ́ oníbàárà láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ ní kó má bínú, òun gan-an ló ń ṣí àgádágodo láìsí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀tún kàn ń bá a wá ọ̀nà ni.

Ohun èlò ilé ni mò ń tà ní Ọ̀mù-Àrán: ìṣó, wáyà, ọ̀dà, irin ilẹ̀kùn, àti àgádágodo oríṣiríṣi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Landmark, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú wa lọ́dún 2011, ń rà á sí àpótí wọn. Àwọn àgbẹ̀ ń rà á sí abà, àwọn ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ mi ń rà á sí ìsọ̀. Páálí àgádágodo kan ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Oníbàárà kan ra méjì nínú rẹ̀, ó padà wá ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú òun ń ṣí ti ẹ̀yìn. Mo kọ́kọ́ rò pé owó rẹ̀ ló fẹ́ gbà padà. Nígbà tó lọ tán, mo da páálí náà sílẹ̀, mo ń ki kọ́kọ́rọ́ eléyìí bọ tọ̀hún. Èyí tí kò ṣí pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn kan ń ṣí wẹ́rẹ́. Àṣé àwọn tó ń ṣe èyí tó dínwó kì í fi bẹ́ẹ̀ yí eyín kọ́kọ́rọ́ padà. Bátànì díẹ̀ ni wọ́n ń tún lò. Àwọn àgbà ní àgádágodo kì í finú han ara wọn. Èmi kì í ṣe àgádágodo. Mo gbé ayùn ìgérin, mo la ọ̀kan sí méjì.

Idẹ ni ara rẹ̀. Nínú idẹ yẹn ni àgbá kékeré kan wà tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, tó sì ń yí. Wọ́n lu ihò lé àgbá náà lórí, mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Ihò kọ̀ọ̀kan gba inú idẹ òkè kọjá wọ inú àgbá. Píìnì méjì ló wà nínú ihò kan, ọ̀kan gun orí èkejì, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n sísàlẹ̀. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí níbẹ̀, píìnì òkè á dábùú ẹnu ààlà, apá kan nínú àgbá, apá kan lóde, àgbá ò sì ní lè yí. Eyín kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé olúkúlùkù dé ìwọ̀n tirẹ̀, títí ibi tí píìnì méjèèjì ti pàdé á fi bọ́ sí ẹnu ààlà gẹ́ẹ́. Bí gbogbo wọn bá bọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àgbá á yí, irin á fò sókè.

Bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe yà á sórí ìwé náà ló rí nínú idẹ, kò sẹ́ni tí ì bá lè fi irin tú u. Àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó lè lu ihò márùn-ún sórí ìlà kan kí gbogbo rẹ̀ má yẹ̀ rárá. Ọ̀kan á yà sọ́tùn-ún díẹ̀, òmíràn á fẹ̀ ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ìyẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Nítorí náà, bí ọwọ́ òsì bá fẹ́ yí àgbá, píìnì kan ni yóò kọ́kọ́ há, àwọn yòókù á ṣì máa jó sókè sódò. Iṣẹ́ ọ̀tún ni kó wá èyí tó há rí, kó rọra tì í sókè títí á fi dún kẹ́. Àgbá á yí díẹ̀, díẹ̀ tó jẹ́ pé òsì nìkan ló mọ̀, píìnì mìíràn á há. Ibi àléébù ọwọ́ ẹni tó ṣe é ni mò ń gbà wọlé. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ṣíṣí gan-an lọ. Àgádágodo méjì tí kọ́kọ́rọ́ kan náà ń ṣí kì í há bákan náà: èyí á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, tọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ilé iṣẹ́ kan ló ti wá, orúkọ kan ló wà lára wọn, síbẹ̀ mo lè dijú kí n mọ èyí tó jẹ́ èwo.

Bàbá kan tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ agboòrùn ní Ìlọrin ló tọ́ mi sọ́nà. Ó kọ́kọ́ wò mí láti òkè délẹ̀, ó béèrè ohun tí obìnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́ fẹ́ fi èyí ṣe, mo ní eré ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọ̀kan fún mi. Nígbà tó rí bí mo ṣe ń fipá tẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ọwọ́ ẹ ti le jù, ọmọ mi. Ṣé o fẹ́ jà á ni, àbí o fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀?” Ẹni tó bá ti wo onídùndún lójú agbo á mọ ohun tí bàbá ń sọ. Kọ̀ǹgọ́ ni aráyé ń wò, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń fún ọ̀ṣán mọ́ra ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde. Bí òsì bá le jù, gbogbo píìnì á há pọ̀, kò sí èyí tí yóò sọ̀rọ̀. Bó bá dẹ̀ jù, èyí tí ẹ ti gbé sókè á já bọ́ padà. Ìwọ̀n tó tọ́ kéré débi pé àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í gbà á gbọ́.

Irinṣẹ́ kì í ṣe ìṣòro. Irin pẹlẹbẹ tó wà nínú rọ́bà wáípà mọ́tò ló dára jù fún ọwọ́ òsì, àwọn mẹkáníìkì sì ń jù ú nù lójoojúmọ́. Abẹ́ ayùn ìgérin tó ti kú ni mo fi ṣe ti ọ̀tún: mo lọ̀ ọ́ tínínrín, mo tẹ orí rẹ̀, mo fi sáńpépà dán an kó má baà ha idẹ. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, kó fi omi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí irin náà bá gbóná débi tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Á tẹ̀, kò ní ta padà mọ́. Alágbẹ̀dẹ wo ni kò mọ̀yẹn?

Mo tún fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò nílò iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní alẹ́, tí tẹlifíṣọ̀n kú, tí àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, èmi á fa àwo àgádágodo mi mọ́ra. Ojú ò rí nǹkan kan nínú ihò yẹn tẹ́lẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Eruku pupa á wọnú ihò, àwọn èèyàn á sì da òróró sí i, àwọn mìíràn á da ọ́ìlì mọ́tò. Ó máa ń dára fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, òróró á mú eruku mọ́lẹ̀, á di ẹrẹ̀, sípíríǹgì ò ní lè ti píìnì padà mọ́. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù kúnná, ẹ fẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Mo ti sọ èyí fún oníbàárà títí ó fi sú mi, òróró náà ni wọ́n ṣì ń dà.

Ọgbọ́n píìnì yìí kì í ṣe ti àná. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti fi igi ṣe irú rẹ̀. Ní Málì tó wà nítòsí wa yìí, àwọn Dogon àti Bambara ń gbẹ́ àgádágodo igi sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé àti àká ọkà, wọ́n á gbẹ́ ère èèyàn tàbí ẹranko sí i lára, píìnì inú rẹ̀ á já bọ́ fúnra rẹ̀ láti ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ eléyín á sì gbé e sókè. Linus Yale, ará Amẹ́ríkà, àti ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló sọ ọ́ di idẹ kékeré. Ọmọ ló ṣe èyí tó ń lo kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ, láàárín ọdún 1861 sí 1865. Ohun tó wà nínú páálí mi lónìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tirẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ jù ni Alfred Charles Hobbs. Ará Amẹ́ríkà lòun náà, ó gbéra lọ sí Àfihàn Ńlá tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1851. Nígbà yẹn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi àgádágodo Chubb yangàn, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1818 lọ́nà tó fi jẹ́ pé bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án, á há, olówó rẹ̀ á sì mọ̀. Ìṣẹ́jú 25 ni Hobbs fi ṣí i. Ó kọjú sí ti ilé iṣẹ́ Bramah, tó ti wà lójú fèrèsé ìsọ̀ wọn ní Piccadilly fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ìlérí igba gínì fún ẹni tó bá lè ṣí i. Ìyẹn gba wákàtí 51, tó pín sí ọjọ́ 16. Mo máa ń ro ti ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún un. Àwọn kan bínú pé kò yẹ kí ó jẹ́ kí ayé mọ̀. Èsì tirẹ̀ ni pé àwọn olè ti mọ̀ tipẹ́, ẹni tó ń ra àgádágodo nìkan ni kò mọ̀. Èmi tí mò ń tà á, mo gbà fún Hobbs.

Bí mo bá mú àlejò lọ sí Ẹ̀sìẹ́ báyìí, àgádágodo ti yí ojú tí mo fi ń wo àwọn ère òkúta ibẹ̀ padà. Gbogbo ọmọ Ìgbómìnà ló mọ̀ wọ́n: wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, inú igbó ni wọ́n wà láìsí ilẹ̀kùn tàbí àgádágodo kankan, títí Ramshaw, òyìnbó tó ń bẹ ilé ìwé ìjọ CMS wò, fi ròyìn wọn fáyé lọ́dún 1933. Wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn lọ́dún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò sí ẹni tó lè dárúkọ àwọn tó gbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo irun dídì orí wọn àti ilà ojú wọn pẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí i pé ọwọ́ tó gbẹ́ èyí kọ́ ló gbẹ́ tọ̀hún. Ọ̀kan kò lè ṣe kó má jinlẹ̀ jù, ọ̀kan kò lè ṣe kó má yára. Tẹ́lẹ̀, orúkọ àwọn ère náà àti ìtàn tí afinimọ̀nà ń sọ nìkan ni mò ń gbọ́.

Àwọn èèyàn á béèrè bóyá ẹ̀rù kì í bà mí kí wọ́n má pè mí lólè. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tó wà fún ìhà gúúsù, ẹni tí wọ́n bá ká irinṣẹ́ ìfọ́lé mọ́ lọ́wọ́ lóru, òun ni yóò ṣàlàyé ohun tó ń fi í ṣe. Irin tèmi kì í bá mi jáde lálẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi èyí ṣeré ní Jámánì àti ní Netherlands ní òfin méjì tí mo mú lò: má ṣí èyí tí kì í ṣe tìrẹ láìgbàṣẹ, má sì fi èyí tí ẹnì kan gbẹ́kẹ̀ lé ṣeré. Bí ìjọ bá sọ kọ́kọ́rọ́ àpótí ọrẹ nù, alàgbà méjì ni mo máa ń ní kó dúró tì mí. Èyí tí wọ́n bá he ní oríta, tí òwú dúdú àti pupa wé lára, mi ò fọwọ́ kàn án rárá. Kì í ṣe pé mo bẹ̀rù. Òfin kejì ni mò ń tẹ̀ lé: ẹnì kan ló gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ohun tí ìmọ̀ yìí kò sọ mí dà ni ẹni tó ń fi ẹ̀rù ta ọjà. Ìyá kan wá láìpẹ́, ó ti gbọ́ nípa mi. Ó ní, “Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́, èyí tí ẹ̀yin gan-an kò lè ṣí ni kí ẹ tà fún mi.” Ó wà níbẹ̀, èyí tí ìbàdí píìnì rẹ̀ tínrín, tó máa ń tan ọwọ́ jẹ pé ó ti ṣí nígbà tí kò tíì ṣí. Mo dárúkọ owó rẹ̀. Kí ó tó tú ìdí aṣọ, mo bi í pé irú irin wo ni ó fẹ́ fi kọ́ sára ilẹ̀kùn. Ó ṣàpèjúwe rẹ̀: páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìṣó mẹ́ta, orí ìṣó sì wà lóde. Mo ní, “Màmá, kọ́lékọ́lé kì í jókòó tẹ́tí sí píìnì. Ọ̀pá irin ló máa fi fa ti yín yọ, àgádágodo á wà ní títì lọ́wọ́ rẹ̀.” Mo gbé irin tó nípọn fún un, èyí tó máa ń bo orí bóòtù rẹ̀ bí wọ́n bá ti tì í, pẹ̀lú àgádágodo olówó kékeré. Ó yọwó títí, mo yọ igba náírà kúrò, ó ní kí n fi ìṣó díẹ̀ jàárà.