Àṣẹ, Ìbéèrè àti Ìdákẹ́: Iṣẹ́ Lámèyítọ́ lórí Èdè SCPI

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń darí àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná mànàmáná láti òkèèrè. Ní ọdún 1975 ni IEEE gbé òfin 488 jáde, láti ara wáyà tí ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ti ń lò fún àwọn ẹ̀rọ tirẹ̀. Òfin náà sọ bí lẹ́tà yóò ṣe gba orí wáyà kọjá. Kò sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn lẹ́tà náà yóò jẹ́. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń sọ ẹ̀ka-èdè tirẹ̀. Òfin 488.2 ti ọdún 1987 àti SCPI ti ọdún 1990 ni ó wá fún èdè náà ní girama. Èrò tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé girama náà gún régé, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí ó lè sọ irọ́ di òótọ́ nínú àkọsílẹ̀ olùwádìí.

2.0 Ìhun Èdè Náà

Oríṣi gbólóhùn méjì péré ni SCPI ní: àṣẹ àti ìbéèrè. Àmì ìbéèrè ni ó ya ìkejì sọ́tọ̀. CONF:VOLT:DC 10 jẹ́ àṣẹ pé kí mítà múra láti wọn fólítì, READ? jẹ́ ìbéèrè pé kí ni mítà wọ̀n. Ẹ̀dà méjì ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní, gígùn àti kúkúrú: VOLTAGE tàbí VOLT. Èyí tí ó bá bọ́ sí àárín méjèèjì, bí i VOLTA, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nínú èdè náà rárá. Ìṣètò yìí yẹ fún ìyìn, nítorí pé ẹni tí kò rí i rí pàápàá lè kà á kí ó sì mọ ibi tí ó ń lọ.

3.0 Gbígbọ́ àti Gbígbọ́yé

Nínú èdè Yorùbá, ẹrù méjì ni ọ̀rọ̀-ìṣe ‘gbọ́’ ń rù: kí ohùn dé etí, àti kí ìtumọ̀ yé ni. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni wáyà 488 mọ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà kan kò sì ní kọjá àfi bí èyí tí ó lọ́ra jù lọ nínú àwọn olùgbọ́ bá ti gbà á. Ìwà sùúrù nìyí, ṣùgbọ́n gbígba lẹ́tà kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ yé olùgbọ́.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú èyí ṣe kedere. Mítà kan ti ń wọn ìdènà iná ní ómù. Ẹni tí ó kọ ètò fún kọ̀ǹpútà wá kọ CONF:VOLTA:DC 10. Mítà gba gbogbo lẹ́tà náà. Kò fèsì, ó kàn fi àṣìṣe -113 pamọ́ sórí ìlà àṣìṣe rẹ̀. READ? tẹ̀ lé e, mítà sì dáhùn pé +4.98700000E+00. Ómù ni, nítorí ipò àtijọ́ ni mítà ṣì wà. Kọ̀ǹpútà sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí fólítì. Ìdáhùn náà kò gbé orúkọ ohun tí a wọ̀n dání. Nọ́ńbà lásán ni, èké rẹ̀ sì jọ òótọ́ bí ìbejì.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi t'ọmọ jẹ́ ẹ. Mítà kò ní làákàyè tí yóò fi jẹ́ iṣẹ́ bí ọmọ. Bí wọ́n ti rán an ni ó ń jẹ́ ẹ.

4.0 Àwíjàre

Àwọn tí ó gbè sẹ́yìn èdè náà lè sọ pé ẹ̀rọ 15 lè wà lórí wáyà kan; bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń ké nígbà tí ó wù ú, ariwo ọjà ni yóò kù. Wọ́n tún lè tọ́ka sí wáyà SRQ, tí ẹ̀rọ lè fi nawọ́ sókè: *ESE 32 àti *SRE 32 tó láti mú kí ó nawọ́ bí àṣẹ kan kò bá yé e. Àwíjàre yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹ̀rọ kò ní nawọ́ àyàfi bí olùdarí bá ti kọ́kọ́ gbà á láàyè. Ẹni tí kò mọ̀ pé ewu wà kò sì ní bèèrè fún ìkìlọ̀. Òun gan-an ni ìkìlọ̀ náà sì tọ́ sí jù.

5.0 Ìgúnlẹ̀

Àléébù SCPI kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí kò ṣe nínú ìdákẹ́ rẹ̀. Ẹrù ìgbọ́ra-ẹni-yé wà lórí ẹni tí ó rán iṣẹ́ nìkan. Lẹ́yìn àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ó bèèrè SYST:ERR? títí ìdáhùn yóò fi jẹ́ 0; bí mítà bá sì gba CONF?, kí ó fi bèèrè ipò tí mítà wà kí ó tó gba nọ́ńbà kankan. Èyí ń gba àkókò, ó sì ń sọ ètò di gígùn. Síbẹ̀, nọ́ńbà tí kò sí ẹni tí ó bi í léèrè orírun rẹ̀ kò tíì di ẹ̀rí.